Ṣé òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ Ìlú Ọba ti 1988 dé gbogbo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lókè òkun?

Akọ̀wé_Pẹ́pà
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà òfin. Ọ̀rọ̀ kan ló rú mi lójú. Ibi púpọ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́ pé òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ Ìlú Ọba, Copyright, Designs and Patents Act 1988, ló ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ilẹ̀ òkè òkun tó wà lábẹ́ Ìlú Ọba. Síbẹ̀ Bermuda ní òfin tirẹ̀, Cayman Islands ń lo ti 1988, wọ́n sì ní àwọn kan bá ti 1956 dé ìgbà tiwa yìí. Èwo ni ká gbà? Ọ̀nà wo ni òfin náà ń gbà dé ọ̀hún? Tí wọ́n bá tún un ṣe ní London, ṣé àtúnṣe náà ń bá a dé erékùṣù? Ẹni tó bá sì fẹ́ gbé fọ́tò àti àwo orin àtijọ́ sórí ìkànnì fún àwọn ará ibẹ̀, kí ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Agbẹjọ́rò_Àgbà
Abala 157 ni kó o ṣí, àbúrò. Ẹsẹ kìíní rẹ̀ sọ pé Apá Kìíní òfin náà, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwòkọ wà, dé England àti Wales, Scotland àti Northern Ireland. Ó parí síbẹ̀. Kò dárúkọ erékùṣù kankan.

Ẹsẹ kejì ló ṣílẹ̀kùn. Ọba lè fi Order in Council, ìyẹn àṣẹ tó ń pa pẹ̀lú ìgbìmọ̀ rẹ̀, na Apá Kìíní dé Channel Islands, Isle of Man, tàbí "colony" èyíkéyìí, pẹ̀lú àyọkúrò àti àtúnṣe tí Order náà bá kọ sílẹ̀. Àwọn ilẹ̀ mẹ́rìnlá tí à ń pè ní British Overseas Territories lónìí ni ọ̀rọ̀ "colony" yẹn ń bá wí. Jersey, Guernsey àti Isle of Man kò sí lára wọn, Crown Dependencies, ìyẹn ilẹ̀ tó jẹ́ ti adé ọba fúnra rẹ̀, ni tiwọn, ìdí nìyẹn tí òfin fi dárúkọ wọn lọ́tọ̀. Bí kò bá sí Order fún ilẹ̀ kan, òfin 1988 kì í ṣe òfin ilẹ̀ náà, bí àsíá Ìlú Ọba tilẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí ọ́fíìsì gómìnà wọn.

Ka ẹsẹ kẹrin pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà dé ibẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ náà lè fọwọ́ kan ohun tí Order gbé wá, àmọ́ lórí nǹkan méjì péré: ìlànà ẹjọ́ àti àtúnṣe tí ilé ẹjọ́ lè ṣe fún ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, àti irú iṣẹ́ tó lè gba ààbò nítorí pé ó ní ìbátan pẹ̀lú ilẹ̀ náà. Iye ọdún ẹ̀tọ́ kò sí níbẹ̀. Àwọn àṣegbè bíi fífa ọ̀rọ̀ yọ fún ìwádìí náà kò sí níbẹ̀. Erékùṣù tó bá fẹ́ yí àádọ́rin ọdún sí àádọ́ta kò lè fi ẹsẹ kẹrin ṣe é.

Tọ́lá_Òǹkàwé
Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kì í ṣe abala 159 ló ń ṣe iṣẹ́ yìí? Òun ni mo rí tó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn.

Agbẹjọ́rò_Àgbà
Iṣẹ́ wọn kò pa pọ̀. Abala 157 ń gbé òfin jáde kúrò ní Ìlú Ọba lọ di òfin ilẹ̀ mìíràn. Abala 159 ń gbé iṣẹ́ àlejò wọlé: òun ló jẹ́ kí ìwé tí ará Japan kọ, tí wọ́n sì kọ́kọ́ tẹ̀ ní Tokyo, rí ààbò ní ilé ẹjọ́ London. Order tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni Copyright and Performances (Application to Other Countries) Order 2016.

Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni abala 157 ẹsẹ kẹta. Ó ní ọba lè na àwọn Order tó wà lábẹ́ 159 náà dé erékùṣù. Àwọn tó ń kọ òfin gbọ́dọ̀ la ojú wọn síbí yìí. Tí wọ́n bá na Apá Kìíní nìkan, tí wọn kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ àlejò, erékùṣù náà á ní òfin ẹ̀tọ́ àwòkọ tó péye lórí ìwé, àmọ́ òǹkọ̀wé ará Brazil tó tẹ ìwé rẹ̀ ní Brazil lè má rí nǹkan kan dì mú ní ilé ẹjọ́ ibẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ òkè òkun náà kò ní ìṣòro yẹn ní Ìlú Ọba o. Abala 154 ti ka British overseas territories citizen mọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn ń gba ààbò, ibi yòówù kí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀pìtàn_Òfin
Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn díẹ̀ sí i, torí ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá.

Òfin 1911 tẹ́ ara rẹ̀ sórí gbogbo ilẹ̀ ọba lẹ́ẹ̀kan náà, yàtọ̀ sí àwọn tó ń ṣàkóso ara wọn bí Kánádà àti Ọsirélíà, àwọn yẹn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fúnra wọn. Order tó jáde ní June 1912 ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ní gúúsù Nàìjíríà, a sì lò ó títí Decree 61 ti 1970 fi rọ́pò rẹ̀.

Òfin 1956 yí ìlànà padà. Abala 31 rẹ̀ ní kí wọ́n máa ṣe Order fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Virgin Islands ti Gẹ̀ẹ́sì gba tirẹ̀ ní 1962, Cayman Islands ní 1965, Hong Kong ní 1972. Hong Kong ṣe òfin tara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní June 27, 1997, ọjọ́ mélòó kan péré kí Ṣáínà tó gba ilẹ̀ náà.

Nígbà tí òfin 1988 wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní August 1, 1989, ó fa ti 1956 ya ní Ìlú Ọba, kò sì fà á ya lókè òkun. Ìpínrọ̀ 36 nínú Àfikún Kìíní (Schedule 1) òfin 1988 ló sọ ọ́: Order àtijọ́ tó gbé òfin 1956 dé ilẹ̀ kan yóò máa jẹ́ òfin ilẹ̀ náà lọ títí di ọjọ́ tí Order tuntun lábẹ́ abala 157 bá dé. Kò dá ọjọ́ kankan fún un. Cayman Islands dúró sórí òfin 1956 títí di June 30, 2016, ọjọ́ tí ti 1988 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ ro ó wò: òfin tí wọ́n kọ kí kọ̀ǹpútà tó dé ilé ẹnikẹ́ni ló ń ṣe àkóso ayé íntánẹ́ẹ̀tì ní ọ̀kan lára àwọn ibi tí owó ayé ti ń gba kọjá jù lọ.

Akọ̀wé_Pẹ́pà
Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ìbéèrè kejì wá ńkọ́? Tí London bá tún òfin ṣe, ṣé ó ń dé ọ̀hún?

Ìyá_Ìkówèésí
Rárá o, ibi tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ti ń ṣìnà gan-an nìyí. Òfin tí Order gbé lọ dà bí ẹ̀ka tí wọ́n gé lára igi lọ gbìn sí oko mìíràn. Èso tí igi ìyá bá so lẹ́yìn náà kì í bá a débẹ̀. Bí òfin ṣe rí lọ́jọ́ tí Order mú un, pẹ̀lú ohun tí Order yọ kúrò tàbí fi kún un, bẹ́ẹ̀ ló ń rí lọ, àfi tí Order mìíràn bá tún un ṣe.

Ẹ wo iye ọdún. Òfin 1956 fún ìwé ní ayé òǹkọ̀wé àti àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. 1988 náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àádọ́ta. January 1, 1996 ni ìlànà tí wọ́n ṣe ní 1995, nítorí òfin àjọ Yúróòpù, sọ ọ́ di àádọ́rin. Òǹkọ̀wé tó kú ní 1960, ìwé rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ ní Ìlú Ọba títí di ìparí 2030. Níbi tí òfin 1956 nìkan dé, ẹ̀tọ́ náà ti dópin ní ìparí 2010. Ogún ọdún ni ìyàtọ̀ yẹn.

Àwo orin: 1956 fún un ní àádọ́ta ọdún láti ìparí ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. Ìlú Ọba sọ ọ́ di àádọ́rin ní November 1, 2013, fún àwo tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò tíì dópin lọ́jọ́ yẹn. Àwo tó jáde ní 1962 ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ìparí 2012, kò sì padà. Èyí tó jáde ní 1965 di ìparí 2035 ní Ìlú Ọba, nígbà tó jẹ́ pé lábẹ́ 1956 ìparí 2015 ló dópin.

Fọ́tò ló le jù. Abala 3 òfin 1956 kò ka ayé ẹni tó yà á rárá. Àádọ́ta ọdún láti ìparí ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ni. Ká ní wọ́n ya fọ́tò kan, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1970, ẹni tó yà á kú ní 1990. Lábẹ́ 1956, ìparí 2020. Ní Ìlú Ọba lónìí, ìparí 2060. Ogójì ọdún láàárín ilẹ̀ méjì tí ọba kan náà ń jẹ lé lórí! Fọ́tò tí wọ́n yà lẹ́yìn tí òfin 1956 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí wọn kò sì tẹ̀ jáde rí, kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún rẹ̀ lábẹ́ 1956, ẹ má fojú kéré ìyẹn, torí inú àpótí àwọn ẹbí ni ọ̀pọ̀ fọ́tò erékùṣù wà.

Ta ló ni ín wàyí? Lábẹ́ 1956, òǹṣe fọ́tò ni ẹni tó ni fíìmù tí wọ́n fi yà á lásìkò tí wọ́n yà á, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ẹni tó tẹ kámẹ́rà. Tí ẹnì kan bá sì sanwó pé kí wọ́n ya òun, abala 4 fún ẹni tó sanwó ní ẹ̀tọ́ náà, àyàfi tí wọ́n bá ti ṣe àdéhùn mìíràn. 1988 yí èyí padà, ẹni tó dá iṣẹ́ náà ló ni ín, tàbí ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ìyípadà yìí kò kan àwọn fọ́tò àtijọ́. Ìpínrọ̀ 11 nínú Àfikún Kìíní sọ pé òfin ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ ló ń pinnu ẹni tó kọ́kọ́ ni ín. Nítorí náà, fọ́tò ìgbéyàwó 1975 lè jẹ́ ti tọkọtaya tó sanwó, kí ọmọ ẹni tó ni ilé ìyàwòrán máa fọwọ́ síwèé àṣẹ fún yín láti òwúrọ̀ di alẹ́, òfo ni.

Tọ́lá_Òǹkàwé
Ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n dárúkọ òǹṣe iṣẹ́ ńkọ́, mà?

Ìyá_Ìkówèésí
1988 ló gbé e wá. Ohun tó sún mọ́ ọn jù nínú 1956 ni abala 43, ìyẹn sì kàn ní kí wọ́n má fi iṣẹ́ ẹlòmíràn sí orúkọ rẹ ni.

Akọ̀wé_Order
Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa kíkọ Order fúnra rẹ̀, torí àwọn kan rò pé gbólóhùn kan ni: "Apá Kìíní dé ibí yìí." Àfikún rẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ìjọba erékùṣù á kọ́kọ́ béèrè. Agbẹjọ́rò àgbà wọn àti àwọn òṣìṣẹ́ Intellectual Property Office, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwòkọ ní Ìlú Ọba, á jọ yẹ òfin wò láti abala dé abala, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀ òkè òkun á dá sí i, kó tó dé iwájú ọba nínú Privy Council, ìgbìmọ̀ tó ń bá a pa àṣẹ. Ibi tó sábà ń fẹ́ ọwọ́ nìyí:

Ọ̀rọ̀ "the United Kingdom" nínú òfin. Abala 22 ka kíkó ẹ̀dà tí kò bófin mu wọ United Kingdom sí ẹ̀ṣẹ̀. Tí ẹ kò bá fi orúkọ erékùṣù rọ́pò rẹ̀, ẹni tó kó ayédèrú CD wọ èbúté erékùṣù kò ṣẹ̀ sí abala yẹn. Abala 27 náà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ kò lè fi kọ̀ǹpútà rọ́pò gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí níbòmíràn Ìlú Ọba gan-an ni òfin ń sọ.

Ilé ẹjọ́. "High Court" gbọ́dọ̀ di ilé ẹjọ́ tó wà níbẹ̀. Ní Cayman, Grand Court ni. Copyright Tribunal tó ń yanjú aáwọ̀ lórí owó ìyọ̀ǹda wà ní Ìlú Ọba. Erékùṣù kékeré gbọ́dọ̀ pinnu ẹni tí yóò máa ṣe iṣẹ́ yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn abala nípa owó ìyọ̀ǹda á máa tọ́ka sí ilé tí kò sí.

Owó ìtanràn. Abala 107 ń lo "statutory maximum" àti "standard scale", ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ iye tí owó ìtanràn kò gbọ́dọ̀ kọjá. Òfin ìwà ọ̀daràn Ìlú Ọba ló dá àwọn ìwọ̀n yẹn sílẹ̀, tí òfin yẹn kò bá sì dé erékùṣù náà, adájọ́ kò ní rí iye kankan kà. Ẹ kọ iye owó gan-an, pẹ̀lú owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀.

Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ló máa ń bu èèyàn jẹ lẹ́yìn. Àfikún Kìíní òfin 1988 ń ka ọ̀pọ̀ ọdún láti "commencement", ní Ìlú Ọba August 1, 1989 nìyẹn. Ìwé tí òǹkọ̀wé kú láìtíì tẹ̀ jáde gba àádọ́ta ọdún láti ìparí 1989, ìyẹn ìparí 2039. Tí ọ̀rọ̀ kan náà bá dé erékùṣù láìní àlàyé, ṣé 1989 ni wọ́n á máa kà, tàbí ọdún tí Order débẹ̀? Ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú Order ló lè dá ẹjọ́ ogún ọdún dúró.

Abala 157 sì ń sọ̀rọ̀ Apá Kìíní nìkan. Ẹ̀tọ́ àwọn òṣèré àti akọrin lórí eré tí wọ́n ṣe wà ní Apá Kejì, abala 207 sì dárúkọ England àti Wales, Scotland àti Northern Ireland láìsí irú ìlẹ̀kùn yìí. Ẹ má retí pé Order kan á kó gbogbo rẹ̀ dání.

Ọmọ_Erékùṣù
Pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, kí ló dé tí wọn kì í kàn kọ òfin tara wọn? Bermuda ṣe é ní 2004, Guernsey ní 2005, Jersey ní 2011. Isle of Man ti ṣe tirẹ̀ láti 1991.

Agbẹjọ́rò_Àgbà
Bí wọ́n bá ní àwọn tó lè kọ ọ́, òun ló sàn jù lójú tèmi. Òfin tìrẹ, o lè tún un ṣe nígbà tó bá wù ọ́, láìdúró de Privy Council. Òfin tí Order gbé wá ní agbára tó ju ti ilé ìgbìmọ̀ ibẹ̀ lọ. Colonial Laws Validity Act ti 1865 sọ pé òfin ìbílẹ̀ tó bá tako òfin Parliament tó dé ibẹ̀ di òfo níbi tó ti takò ó. Ẹ wá ronú ìlú tó ní agbẹjọ́rò ìjọba méjì tàbí mẹ́ta, tí òfin ìlera, òfin ọkọ̀ ojú omi àti ti owó-orí ti gun ara wọn lórí tábìlì. Fún irú ìlú bẹ́ẹ̀, Order tí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ Ìlú Ọba ti là yé tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ òsì gbà.

Ọ̀pìtàn_Òfin
Ẹ má gbàgbé àdéhùn àgbáyé, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Pé òfin dé erékùṣù kò sọ pé Berne Convention, àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwòkọ, débẹ̀. Àpilẹ̀kọ 31 àdéhùn náà ní kí orílẹ̀-èdè fi ìwé ránṣẹ́ sí olùdarí àgbà WIPO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó irú ẹ̀tọ́ yìí, pé àdéhùn náà kan ilẹ̀ báyìí-báyìí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí olùdarí bá ti kéde rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Isle of Man wọlé ní 1996, Jersey àti Guernsey ní 2014, lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti ṣe òfin wọn tán. Bó ṣe yẹ kó tò nìyẹn: òfin ilé kọ́kọ́, ìwé WIPO tẹ̀lé e. Tí wọ́n bá yí i po, ilẹ̀ náà á wà lábẹ́ àdéhùn tí òfin rẹ̀ kò lè mú ṣẹ.

Ọmọ_Erékùṣù
Àwọn ìjọba mìíràn ńkọ́?

Ọ̀pìtàn_Òfin
Ọsirélíà fi gbólóhùn kan parí rẹ̀: abala 4 òfin wọn ti 1968 ní ó dé gbogbo ilẹ̀ ìta. Òfin Amẹ́ríkà, Title 17, ka Puerto Rico àti àwọn "organized territories" mọ́ ìtumọ̀ "United States" ní abala 101, kò sí Order kankan tí wọ́n ń dúró dè. Ti Faransé dà bíi méjì. Guadeloupe, Martinique, Guyane, Réunion àti Mayotte ń lo òfin kan náà pẹ̀lú Paris. Wallis-et-Futuna ń fẹ́ kí òfin dárúkọ rẹ̀. New Caledonia sì ti gba àṣẹ lórí òfin ìbágbépọ̀ ará ìlú láti July 2013, nítorí náà àtúnṣe tí Paris ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn kò kàn án.

Akọ̀wé_Pẹ́pà
Ó ti ń yé mi. Ó ku ti íntánẹ́ẹ̀tì.

Akọ̀wé_Order
Abala 20 òfin 1988, bí wọ́n ṣe tún un kọ ní 2003, mọ gbígbé iṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró. Òfin 1956 kò mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni dída ẹ̀dà, títẹ̀ jáde, ṣíṣe é ní gbangba, gbígbé e sórí rédíò, àti fífi wáyà gbé e dé ilé àwọn tó ń san àsanwólé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìgbéròyìnjáde tilẹ̀ dárúkọ BBC àti ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ITV nìkan, ìyẹn tún jẹ́ ohun tí Order gbọ́dọ̀ bá wọn yí. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ihò ti wà níbẹ̀. Ẹ̀dà tí ẹ bá dà sórí ẹ̀rọ yín ti tó fún ẹjọ́. Tí ẹ̀rọ náà bá sì wà ní Ìlú Ọba, 1988 ló dúró dè yín níbẹ̀, ohun yòówù kí òfin erékùṣù sọ.

Ìyá_Ìkówèésí
Nítorí náà, Akọ̀wé, iṣẹ́ rẹ rèé. Wá Order ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí legislation.gov.uk àti nínú àkójọ òfin ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, torí àwọn Order ayé 1960 kì í fi gbogbo ìgbà wà lórí ti Ìlú Ọba. Kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sílẹ̀. Ka Àfikún rẹ̀ kó o tó ka òfin fúnra rẹ̀. Wò ó bóyá Order mìíràn ti tún un ṣe, bí ti Cayman tí wọ́n ṣe ní 2015 tí wọ́n sì tún fọwọ́ kàn ní 2016 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ya òpó mẹ́rin fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan: ọdún tí wọ́n yà á, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ọdún tí ẹni tó yà á kú, ẹni tó sanwó. Ẹ̀kẹrin yẹn ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ lófìfo.

Akọ̀wé_Pẹ́pà
Ẹ ṣé púpọ̀, mà. Tí fọ́tò kan bá ti bọ́ lọ́wọ́ òfin ní erékùṣù, tó sì wà lábẹ́ òfin ní Ìlú Ọba, kí ni kí n ṣe?

Ìyá_Ìkówèésí
Gba àṣẹ, tàbí kó o fi í sílẹ̀. Dídí àwọn ará Ìlú Ọba lọ́nà lórí ìkànnì kò wúlò bí ẹ̀rọ rẹ bá wà ní Manchester.